Ẹni tó fìdí rẹmi ni kí ẹ máa wò: bí mo ṣe ń yẹ ìlú tí ogun ti jà wò kí n tó gbé ọjà lọ

Ọmọ àbúrò mi ló pè mí láti Ẹ̀jìgbò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní àjọ ti kan òun, òun sì fẹ́ fi owó náà gbé ankara lọ sí Mọnrófíà. Ó ní gbogbo ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ ló ń sọ pé Làìbéríà ti rọlẹ̀, pé ààrẹ ń wọlé, ààrẹ ń jáde, ìbọn kò dún. "Ìyá Àbíjàn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìjọba ìbò yẹn ti dúró? Ṣé kí n kówó síbẹ̀?"

Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì. Oníbàárà mẹ́ta ló dúró tì mí nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣeé fi ẹnu kan dáhùn. Èyí tí mo wá kọ ránṣẹ́ sí i nìyí. Mo kàn tún un ṣe díẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí i lò.

Ẹ má retí ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu mi. Aṣọ ni mo ń tà. Ọjà Adjamé ní Àbíjàn ni mo ti kọ́ òwò lẹ́yìn ìyá mi, níbi tí wọ́n ti ń pe gbogbo wa ní Anango, ìbáà jẹ́ Ẹ̀jìgbò lo ti wá, ìbáà jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń gba Danané, ìlú ẹ̀bá ààlà, kọjá sí Làìbéríà, títí mo fi gba ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Waterside ní Mọnrófíà. Ogun ká mi mọ́ ìlú méjèèjì. Ohun tí mo mọ̀ kò ju bí èèyàn ṣe lè fura bóyá ìlú á tún gbiná lẹ́yìn tí wọ́n bá dìbò tán.

Ẹ má jẹ́ kí ìlà gígùn tàn yín

Òun ló kọ́kọ́ tan èmi. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 1997, àwọn ará Làìbéríà ti tò láti ìdájí. Ogun tí Charles Taylor, olórí àwọn ọlọ́tẹ̀, gbé wọ agbègbè Nimba ní Làìbéríà ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1989 ti lé ọdún méje. ECOMOG, àwọn sójà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó jọ láti pa iná ogun, ti wà níbẹ̀ láti 1990, sójà Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. (Àwọn ará Mọnrófíà máa ń túmọ̀ lẹ́tà inú orúkọ yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi sọ pé gbogbo mọ́tò tó bá ń rìn ni wọ́n máa ń gbé lọ. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará ilé wa ni wọ́n ń bú.) Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Taylor kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọrin ní títì ṣáájú ọjọ́ yẹn pé ó pa ìyá àwọn, ó pa bàbá àwọn, síbẹ̀ òun làwọn máa dìbò fún.

Mo rò pé orí wọn dàrú ni. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló là mí lóye. Ó ní bí àwọn kò bá gbé e fún un, inú igbó ló tún máa padà sí. Ìbò yẹn kò yàtọ̀ sí owó tí èèyàn kó fún adigunjalè kó lè jáde nílé ẹni.

Ọ̀rọ̀ ìyá náà wọ̀ mí létí, kò wọ̀ mí lápò. Mo ti rí ìlà, mo ti rí àwọn òyìnbó tó wá ṣọ́ ìbò tí wọ́n ń mi orí pé ó dára, mo sì kó bèélì mọ́kànlá wọlé. Kò pé ọdún méjì tí ìbọn tún fi dún ní ìhà Lofa, tí àwọn ọlọ́tẹ̀ tó ń jẹ́ LURD dìde. Nígbà tó di oṣù Kẹfà àti oṣù Keje 2003, àárín Mọnrófíà ni ọta ńlá ń bọ́ sí. Èmi ti sá lọ sí Gánà.

Nígbà tí mo padà dé Waterside, àgádágodo mi ṣì wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó sé gbọn-in. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó ṣí bí ẹní ṣí i lánàá. Oòrùn ló pàdé mi nínú ilé. Wọ́n ti dá ògiri ẹ̀yìn lu, ihò tí èèyàn méjì lè gbà kọjá láìfara kanra. Kò sí aṣọ kan, kò sí pẹpẹ tí mo ń to aṣọ sí. Igi tí mo fi ń wọn ọ̀pá aṣọ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ béèrè ìbọn kí ẹ tó béèrè ìbò

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tí mo ronú ohun tí 1997 kò ní. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Àbújá ní kí ECOMOG tún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Làìbéríà tò. Bí Taylor ṣe gun orí àga, ó ní òun kò gbà, àwọn tó bá a jagun ló sì kó sínú iṣẹ́ ọba. Ẹni tó wọlé ìbò, tirẹ̀ ni sójà, tirẹ̀ ni ọlọ́pàá. Ta ni ẹni tó fìdí rẹmi fẹ́ fẹjọ́ sùn? Igbó ló kù fún un.

Ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ṣe é lẹ́yìn tí Taylor kúrò lórí oyè ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ 2003, tó bá bàálù lọ sí Kàlàbá. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní Accra ní ọjọ́ 18 oṣù yẹn. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tiwa ló jókòó sí àárín wọn nínú ìjíròrò náà. Gyude Bryant ṣe olórí ìjọba fìdíhẹ fún bí ọdún méjì, àdéhùn náà kò sì gbà á láyè láti díje. Èyí wù mí púpọ̀: ẹni tó ń tún pápá ṣe kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù. UN sì kó sójà tó tó 15,000 wá.

Gbígba ìbọn kò rọrùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2003, èrò pọ̀ ju ètò lọ, wọ́n ní owó dà, ni àwọn jagunjagun bá tú sí ìlú, wọ́n ń yìnbọn sókè. Ó di oṣù Kẹrin 2004 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. 300 dọ́là ni owó ẹnì kan, ìlàjì lákọ̀ọ́kọ́, ìlàjì nígbà tó bá yá. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 100,000. Ìbọn tó wọlé kò ju nǹkan bí 28,000 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́rin, ìbọn kan. Ọmọkùnrin tó ń bá mi gbé ẹrù náà gba nínú owó yẹn, kò sì fọwọ́ kan ìbọn rí láyé rẹ̀. Ọ̀gá kan ló fún un ní ọta kó mú lọ, wọ́n sì pín owó náà.

Mágòmágó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn tó ti kúrò nílẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Wọ́n tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àtijọ́ ká pátápátá, wọ́n gba tuntun, bí 2,000 péré, wọ́n sì fi ọ̀gágun ọmọ Nàìjíríà ṣe olórí wọn títí di 2014. Sójà tí kò mọ̀ ẹni tí ọ̀gá òun ń dìbò fún, ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ní apá ibi tí a wà yìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹ bá ọlọ́kadà sọ̀rọ̀. Pẹ̀n-pẹ̀n ni wọ́n ń pe ọ̀kadà ní Làìbéríà, púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ ń gùn ún ló ti ojú ogun bọ̀. Mi ò kì í béèrè ogun lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ egbò ni. Mo máa ń béèrè ẹni tó ni ọ̀kadà, iye tó ń rí lójúmọ́, àti bóyá ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ṣì máa ń pè é. Nítorí ìkẹta yẹn ni mo ṣe ń béèrè àwọn méjì àkọ́kọ́. Bí ó bá ní ọ̀gá òun ṣì ń fi owó ìrẹsì ránṣẹ́ lóṣooṣù, ẹgbẹ́ ogun yẹn kò tíì tú, ìsinmi ni wọ́n wà.

Àbíjàn fi ojú mi rí òdìkejì rẹ̀. Àdéhùn tí ìjọba Côte d'Ivoire àti àwọn ọlọ́tẹ̀ ṣe ní 2007 ní kí wọ́n gba ìbọn kí wọ́n tó dìbò, wọn kò gbà á tán. Wọ́n lọ dìbò ní 2010, àwọn ọlọ́tẹ̀ mú ìbọn lọ́wọ́ ní àríwá, Ààrẹ Laurent Gbagbo mú ìbọn lọ́wọ́ ní gúúsù. Lẹ́yìn abala kejì, ìbò àtúndì láàárín àwọn méjì tó ṣíwájú, tó wáyé ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, mo wà níwájú tẹlifíṣọ̀n ní Adjamé nígbà tí ọkùnrin kan láti ẹgbẹ́ Gbagbo já bébà èsì ìbò gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kà á, ó sì fà á ya lójú gbogbo ayé. Ọkọ mi dìde, ó lọ ra garawa omi méjì sí i. Kò sọ nǹkan kan. Àjọ elétò ìdìbò ní Alassane Ouattara, tó bá Gbagbo díje, ló wọlé, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí òfin ìlú fagi lé ìbò àwọn ará àríwá kan, wọ́n ní Gbagbo ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, ààrẹ méjì búra ní ọjọ́ kan náà. Nígbà tó di oṣù Kejì 2011, bánkì ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹta wọ́n yìnbọn pa obìnrin méje ní Abobo, ibi tí kò jìnnà sí wa, níbi tí wọ́n ti ń wọ́de. Nǹkan bí 3,000 èèyàn ló kú kí wọ́n tó mú Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin.

Ìlà ìbò Àbíjàn gùn o. Ó gùn ju ti Mọnrófíà lọ.

Ẹ wá bébà ara ògiri

Èyí rọrùn, àwọn èèyàn sì máa ń fojú fò ó. Ní Làìbéríà, ibi tí wọ́n bá ti dìbò ni wọ́n ti ń kà á, wọ́n á kọ èsì sí bébà, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níta. Ní 2023 mo rìn lọ sí ilé ìwé kan lẹ́bàá ilé mi lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò. Àjèjì ni mí, mo dúró lókèèrè. Iná mànàmáná kò sí. Ọmọkùnrin kan tan iná fóònù sí bébà náà, ọmọbìnrin kan ń ka iye ìbò sókè, àwọn tó kù ń kọ ọ́ sínú ìwé ilé ìwé àwọn ọmọ wọn. Nígbà tó kà á tán, àgbàlagbà kan ní kó tún un kà, ó sì tún un kà. Kò tíì tó wákàtí kan, mo gbọ́ iye kan náà lórí rédíò.

Bí irú bébà yẹn bá wà lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ògiri, ẹni tó bá fẹ́ jí ìbò ní iṣẹ́ ńlá lọ́rùn. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń kó àpótí lọ kà níbòmíràn lóru, ẹ má sanwó ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ wo ẹni tó fìdí rẹmi

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Gbogbo èèyàn ló ń wo ẹni tó wọlé, òun ló ń jó, òun ni wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi kì í wò ó.

Ẹ wo George Weah, agbábọ́ọ̀lù tó di olóṣèlú ní Làìbéríà. Ní 2005 òun ló ṣíwájú nínú abala kìíní, ó ní nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún, Ellen Johnson Sirleaf ní nǹkan bí 20. Nígbà tó di abala kejì, Sirleaf kó 59. Àwọn ọmọlẹ́yìn Weah ju òkúta ní títì, òun fúnra rẹ̀ ní wọ́n yan òun jẹ. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú àjọ elétò ìdìbò, nígbà tó sì ṣe, ó jáwọ́. Ní 2011 ó ṣe igbákejì olùdíje, wọ́n tún fìdí rẹmi. Wọn kò lé e nílùú, wọn kò gba ilé rẹ̀. Ní 2014 ó di sẹ́nétọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 2018, ó di ààrẹ, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1944 tí ẹni tí wọ́n dìbò yàn ń gbé ìjọba fún ẹni tí wọ́n dìbò yàn láìsí ìjà.

Joseph Boakai ló fìdí rẹmi nínú ìbò 2017 tó gbé Weah dé ibẹ̀. Òun náà lọ sílé, ó jókòó, ó padà wá ní 2023. Abala kejì, ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá: Boakai ní 50.64 nínú ọgọ́rùn-ún, Weah ní 49.36. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ìbò 20,567, iye èrò tí pápá bọ́ọ̀lù kan lè gbà. Weah ló wà lórí àga, òun ni sójà ń kí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó ka ìbò tán, ó bọ́ sórí rédíò, ó ní òun ti pe Boakai, pé ẹgbẹ́ òun fìdí rẹmi ṣùgbọ́n Làìbéríà ló borí. Mo pa rédíò, mo sun oorun tí mi ò tíì sùn rí ní ọ̀sẹ̀ ìbò.

Ohun tí mo ń wò kò ju èyí lọ: bí èèyàn bá fìdí rẹmi lónìí, ṣé ilé rẹ̀ á ṣì jẹ́ tirẹ̀ lọ́la, ṣé ọmọ rẹ̀ á ṣì lọ sílé ìwé, ṣé á tún rí ààyè díje? Níbi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ìdí tí yóò fi pa èèyàn nítorí àga. Níbi tó bá ti jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n tàbí sàréè ló ń dúró de ẹni tó fìdí rẹmi, òun náà á jà dójú ikú, kódà bó jẹ́ èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́.

Kóòtù wà nínú rẹ̀. Ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá abala kejì dúró nítorí ẹni tó ṣe ìkẹta gbé ẹ̀sùn lọ, ìbò tó yẹ kó wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá kò wáyé títí di ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá. Inú bí mi gan-an. Ọjà Kérésìmesì ti wọlé, kò sẹ́ni tó rà á. Mo bú adájọ́, mo bú lọ́yà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó yé mi pé èèyàn tó lè lọ sí igbó ló lọ sí kóòtù yẹn. Bí ẹ bá rí irú ìdádúró bẹ́ẹ̀, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀ bí mo ṣe bẹ̀rù.

Àwọn àmì kéékèèké tí mo tún ń wò: iye tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń ṣẹ́ dọ́là lọ́sẹ̀ ìbò, iye kọ́ọ̀pù ìrẹsì, bóyá àwọn ọmọ àwọn ọlọ́lá ti wọ bàálù lọ sí Accra. Àti àwọn obìnrin. Ní 2003 àwọn obìnrin tí Leymah Gbowee ṣíwájú wọn wọ funfun, wọ́n jókòó sí pápá ẹ̀gbẹ́ ọjà ẹja nínú oòrùn àti òjò, wọ́n sì tẹ̀ lé àwọn ọ̀gá ogun dé Accra, wọ́n jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jíròrò. Nígbà ìforúkọsílẹ̀ ìbò 2005, èmi ni mo bá obìnrin ẹlẹ́ja kan jókòó ti igbá rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kó lè lọ gba káàdì. Òórùn ẹja kò kúrò lára mi fún ọjọ́ méjì. Níbi tí àwọn obìnrin ọjà bá ti ń bá ara wọn ṣọ́ ọjà nítorí káàdì ìbò, ẹ fi àmì kan sí i.

Gbèsè tí wọn kò tíì san

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé Làìbéríà ti dé èbúté. Taylor wà lẹ́wọ̀n 50 ọdún, àmọ́ ohun tó ṣe ní Sierra Leone ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a lẹ́bi, kì í ṣe ohun tó ṣe nílé. Prince Johnson, ọ̀gá ogun kan tí àwọn èèyàn rẹ̀ gé etí Ààrẹ Doe níṣojú rẹ̀ ní 1990 tó ń mu bíà, sẹ́nétọ̀ Nimba ló jẹ́ títí tó fi kú ní 2024. Ọdún yẹn kan náà ni Boakai ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n dá ọ́fíìsì tí yóò ṣètò ilé ẹjọ́ fún ẹ̀ṣẹ̀ ogun sílẹ̀. Oníbàárà mi kan máa ń pàdé ẹni tó sun ilé bàbá rẹ̀ ní ọjà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Wọ́n máa ń kíra. Ó ní bí wọ́n bá ti kíra tán, ẹsẹ̀ òun á máa gbọ̀n.

Àwọn kan ní bí wọn kò bá ti fún irú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ní àga, wọn kì bá tí fi ìbọn sílẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Mo mọ ìtumọ̀ àwìn, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ni olówó máa ń dé. Ní oṣù Kejìlá 2024 nígbà tí àwọn aṣòfin ń jà lórí ipò olórí ilé, iná sọ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Mọnrófíà. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tún padà sí kóòtù.

Bí mo ṣe ní kó gbé ọjà lọ

Ó wá ku owó. Mo ní kó má kó gbogbo owó àjọ sí i, kó gbé ohun tó bá lè pàdánù kó ṣì jẹun. Kó má san owó ṣọ́ọ̀bù ju ọdún kan lọ. Oṣù Kẹwàá 2029 ni ìbò ààrẹ míràn ní Làìbéríà: láti oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kó má gbé ọjà tuntun wọlé, kó ta èyí tó wà nílẹ̀, kó gba gbèsè tó wà níta, kó sì dúró títí wọn yóò fi búra ní oṣù Kìíní. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kéde èsì, kó ti ṣọ́ọ̀bù, kó má lọ wòran, yálà àwọn tó ń jó tàbí àwọn tó ń sunkún.

Ó fèsì lálẹ́ àná pé bèélì mẹ́ta lòun máa kọ́kọ́ gbé, ó sì ti rí ṣọ́ọ̀bù kan lórí fọ́tò, ilẹ̀kùn irin, àgádágodo méjì. Mo ní kó sọ fún onílé kó ya fọ́tò ògiri ẹ̀yìn ránṣẹ́.